"Kò tiẹ̀ dúpẹ́ àná"

Mo lọ síbi iṣẹ́, mo jẹ àmàlà ní Mọ́kọ́lá, òjò ò rọ̀ lónìí. Ó tán.

Mo ń ti géètì nírọ̀lẹ́ yìí ni mo gbọ́ tí màmá yàrá kẹta ń sọ lórí fóònù pé "kò tiẹ̀ dúpẹ́ àná." Wọn ò dárúkọ o. Ṣùgbọ́n ta ló tún kù? Àwọn ló bá mi sáré kó aṣọ wọlé nígbà tójò dé lánàá, àtaṣọ àti èlùbọ́ tí mo sá sóòrùn, wọ́n tiẹ̀ ká aṣọ yẹn fún mi, wọ́n fi ọ̀rá bo èlùbọ́.

Mo sì dúpẹ́ o! Lálẹ́ àná yẹn náà ni mo kúnlẹ̀, "ẹ ṣé gan-an mà," wọ́n ṣe àmín sí gbogbo àdúrà mi, a jọ rẹ́rìn-ín. Àárọ̀ yìí ni mo kàn ní "ẹ káàárọ̀ mà" tí mo sáré bọ́ síta torí mọ́tò, "ẹ ṣé àná" ò tiẹ̀ wá sí mi lẹ́nu rárá. Ṣé ìyẹn wá di ẹjọ́ ni? Ẹ̀ẹ̀melòó lèèyàn máa dúpẹ́ aṣọ? Ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Manchester ní àwọn ará ibẹ̀ máa ń dúpẹ́ lọ́wọ́ dírẹ́bà bọ́ọ̀sì tí wọ́n bá ń sọ̀kalẹ̀, àmọ́ ó tán síbẹ̀ nìyẹn, kò sẹ́ni tó máa jí láàárọ̀ wá sọ pé ẹ ṣé àná. Mo rò pé ó ń yìn wọ́n ni, àfi ìgbà tó ní ó pẹ́ tóun ti gbọ́ ọ kẹ́yìn, ohùn ẹ̀ wá yí padà.

Màámi ò ní gbà ṣá. Tẹ́nì kan bá fún wa ní búrẹ́dì lásán, ilẹ̀ ò ní tíì mọ́ tán tí wọ́n á ti lé wa jáde, "ẹ lọ dúpẹ́ àná." Ẹ ṣáà mọ òwe yẹn, ẹni tí a ṣe lóore tí ò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà... Nítorí èlùbọ́! Èmi ọlọ́ṣà!

Àmọ́ kí n má parọ́. Kọ́pà yàrá ẹ̀yìn yá sílíńdà gáàsì mi lọ́sẹ̀ tó kọjá, nígbà tílẹ̀ mọ́ ó gba iwájú mi kọjá, ó ki nǹkan orin bọ etí, "ẹ káàárọ̀ ma," ó lọ. Mo pòṣé. Kì í ṣe pé mò ń wá nǹkan kan lọ́wọ́ ẹ̀, mo kàn fẹ́ mọ̀ pé ó sùn, ó jí, ó ṣì rántí. Bóyá ohun tí màmá náà fẹ́ nìyẹn. Tàbí kẹ̀, ọmọ wọn ni wọ́n ń bá wí, tí mo kàn jókòó síbí tí mò ń...

Wọ́n ti múná dé! Ẹ jẹ́ n lọ ki fóònù bọ ṣáájì.

Mo yọjú wo ẹnu ọ̀nà wọn. Wọ́n ti sùn. Tó bá fi máa dọ̀la ó ti di ìjẹta, ṣé "ẹ ṣé ìjẹta mà" ni màá wá máa wí ni, àbí kí n kàn bu èlùbọ́ dání lọ?