Ọmọbìnrin inú dígí

Ọjọ́ Àìkú, alẹ́

Ilé ti pa rọ́rọ́, oorun ò sì kùn mí. Fíìmù tí èmi àti ọmọ mi wò lọ́sàn-án ṣì wà lọ́kàn mi.

Return to Oz ni, èyí tí Walter Murch darí fún Disney lọ́dún 1985. Ọmọ mi mọ The Wizard of Oz, fíìmù 1939 tó ṣáájú rẹ̀, bí ẹní mowó. Orin ló ń retí, ṣùgbọ́n Dorothy, ọmọbìnrin inú ìtàn náà, ò kọrin nínú èyí. Oṣù mẹ́fà ti kọjá tí ìjì gbé e lọ sí Oz, ilẹ̀ idán kan. Ó ti padà sílé ní Kansas, kì í rí oorun sùn, ọ̀rọ̀ Oz ni ṣáá. Àǹtí Em tó ń tọ́ ọ fẹ́ràn rẹ̀, kò sírọ́ níbẹ̀, àmọ́ ó gbà pé àìsàn ló ń ṣe ọmọ. Ló bá gbé e lọ bá dókítà kan tó ń fi ẹ̀rọ oníná tọ́jú orí èèyàn.

Fairuza Balk tó ṣe Dorothy ò tíì pé ọmọ ọdún 10 nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ya fíìmù náà. Ojú ọmọdé pọ́ńbélé lẹ ó rí. Wọ́n dè é mọ́ ibùsùn onítáyà, wọ́n ń tì í lọ síbi ẹ̀rọ. Ọmọ mi di apá mi mú pinpin. Àrá sán, gbogbo ilé ìwòsàn ṣókùnkùn.

“Iná ti lọ, Mọ́mì! Á bọ́!”

Àwa méjèèjì mí kanlẹ̀.

Àwọn kan ní fíìmù yìí ti dẹ́rù ba ọmọdé jù. Lóòótọ́, Mombi, àjẹ́ inú fíìmù náà, ń pààrọ̀ orí bí ẹni ń pààrọ̀ gèlè. Ó tò wọ́n sínú àpótí onígíláàsì, wọ́n sì lajú lóru, wọ́n figbe ta. L. Frank Baum ti kọ irú orí pípààrọ̀ bẹ́ẹ̀ sínú ìwé rẹ̀ ní 1907. Àlọ́ tí màmá àgbà pa fún wa ńkọ́, ti orí tó yá ẹsẹ̀, yá apá, tó di arẹwà lọ́jà, tó wá ń dá wọn padà lọ́kọ̀ọ̀kan lójú ọ̀nà, tí ìyàwó ń tẹ̀ lé e? Ẹ̀rù bà wá. Lọ́jọ́ kejì, a tún bẹ̀ wọ́n kí wọ́n pa á.

Ẹyin adìẹ kan ṣoṣo ló pa Ọba Nome, olórí àwọn ẹ̀dá òkúta tó gba Oz, torí májèlé ni ẹyin fún irú wọn. Ọmọ mi pàtẹ́wọ́ títí.

Ìparí rẹ̀ ló dùn mí. Dorothy ti délé, ó rí Ozma, ọmọ ọba Oz, nínú dígí yàrá rẹ̀. Ó ké sí Àǹtí Em. Ozma fi ìka lé ètè. Àǹtí Em wọlé, Dorothy ò sì sọ ohun tó rí fún un.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọ mi sọ fún mi pé òun ní ọ̀rẹ́ kan lórí igi máńgòrò ẹ̀yìnkùlé, tó mọ orúkọ gbogbo ẹyẹ. Èmi ni mo jágbe mọ́ ọn pé kó yé parọ́.

Mo pa tẹlifíṣọ̀n. Mo ní, “Ọ̀rẹ́ rẹ orí igi yẹn ńkọ́?”

Kò wojú mi. “Kò sẹ́nì kankan níbẹ̀, Mọ́mì.”

Mo ní ká jọ lọ síbẹ̀ láàárọ̀ ọ̀la. Ó ń fi ìka fa òwú etí aṣọ rẹ̀, kò fèsì.