Iyọ̀, ṣúgà àti awọ sẹ́ẹ̀lì

Okun o, ẹ̀yin ará ilé. Ní ilé ìwòsàn tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Kábà, bí ìgbẹ́ gbuuru bá mú ọmọ, àwọn ìyá á ní, “Nọ́ọ̀sì, mo ti fún un lómi.” Omi lásán kò tó; ó nílò iyọ̀ àti ṣúgà kó tó wọ ara dáadáa. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀.

Ọ̀rá ìpele méjì ni awọ tó bo sẹ́ẹ̀lì, ẹyọ kékeré tí a fi kọ́ ara. Orí ọ̀rá náà fẹ́ omi, ìrù rẹ̀ ń sá fún un, torí náà àwọn ìrù fara pamọ́ sáàárín. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Gorter àti Grendel ti sọ ọ́ láti 1925 pé ìpele méjì ni. Ọ́síjìn ń gba àárín ọ̀rá yẹn kọjá wẹ́rẹ́. Iyọ̀ àti ṣúgà kò lè gbabẹ̀. Àwọn purotéènì tó gún awọ náà já ni ilẹ̀kùn wọn.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù wà nínú ìfun kékeré, SGLT1 lorúkọ rẹ̀. Sódíọ̀mù méjì (láti inú iyọ̀), gúlúkóòsì kan (láti inú ṣúgà): wọ́n á jọ wọlé, omi á sì tẹ̀ lé wọn. Kọ́lẹ́rà pàápàá, bó ti burú tó, kì í ti ilẹ̀kùn yìí.

Nítorí náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wọ̀n ọ́n dáadáa: ṣíbí tíì mẹ́fà ṣúgà, ìdajì ṣíbí tíì iyọ̀, gbogbo rẹ̀ láìga, sínú lítà omi mímọ́ kan. Ṣúgà tó bá pọ̀ jù á tún fa omi ara wá sínú ìfun, ìgbẹ́ á sì le sí i. Bẹ́ẹ bá rí ORS alápò rà (iyọ̀ àti ṣúgà tí wọ́n ti wọ̀n sínú àpò fún ìgbẹ́ gbuuru), òun ló dára jù, kí ẹ sì béèrè oògùn síńkì mọ́ ọn.