Lẹ́tà láìsẹ́ńsì tó já mi láyà ní Lagere

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tójú mi rí, pàápàá fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà bíi tèmi. Lagere ni mo wà, n'Ílé-Ifẹ̀ níbí, kọ̀ǹpútà mẹ́fà, ẹ̀rọ fótókọ́pì méjì, àti jẹnẹrétọ̀ kan tó jẹ́ pé ìgbà tí àwọn ọmọ OAU bá ń sáré tẹ pírójẹ́ẹ̀tì gan-an ló máa ń ṣàìsàn. Àárọ̀ Mọ́ńdè kan báyìí ni ọmọ tó ń bá mi ṣiṣẹ́ pè mí, "Àǹtí, ẹ wá wo nǹkan tó wọlé sí ímeèlì ṣọ́ọ̀bù."

Lẹ́tà gígùn ni, lógò wà lókè, wọ́n kọ orúkọ ṣọ́ọ̀bù mi bó ṣe wà lára sáìnbọ́ọ̀dù gẹ́lẹ́. Wọ́n ní àwọn ń ṣojú ilé iṣẹ́ tó ni sọ́fíwíà tí mò ń lò, kí n fi ẹ̀rí láìsẹ́ńsì, ìyẹn àṣẹ láti lo sọ́fíwíà, ti gbogbo kọ̀ǹpútà mi ránṣẹ́ láàárín ọjọ́ méje, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ó di kóòtù. Wọ́n tún fi fáìlì Excel kan sí i tí mo máa kọ gbogbo ẹ̀ sí, iye kọ̀ǹpútà, iye òṣìṣẹ́, kí ló wà lórí èwo, ọdún wo ni mo rà á.

Àyà mi já. Kì í kúkú ṣe lẹ́tà yẹn ló ń bà mí lẹ́rù o, ohun tí mo mọ̀ nípa ara mi ni. Tokunbo la rà, ẹnjiníà ló ní òun á bá wa "fi gbogbo ẹ̀ sí i", a sanwó iṣẹ́ fún un, a ò béèrè ibi tó ti rí i. Bíbélì ní èèyàn búburú ń sá nígbà tẹ́nì kan ò lé e, èmi gan-an ni wọ́n ń bá wí níbẹ̀ yẹn, torí mo ti jókòó, mo ti ń kọ fáìlì yẹn, mo ti dé ìlà kẹrin kí bọ̀dá lọ́yà kan tó wá ṣe fótókọ́pì tó bi mí pé, "Madam, ta lẹ̀ ń kọ̀wé sí?"

Mo ní ilé iṣẹ́ sọ́fíwíà ni.

"Ẹ mọ̀ wọ́n?"

Mi ò lè dáhùn. Ó ní kí n má fèsì, kí n má sì pa á rẹ́. Ó fi ìka tẹ orúkọ ẹni tó kọ ọ́, àdírẹ́sì gidi bá jáde lẹ́yìn ẹ̀: orúkọ ilé iṣẹ́ yẹn wà níbẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ wọ́n fi dáàṣì àti ọ̀rọ̀ mìíì lẹ̀ mọ́ ọn kó tó dé .com. Ẹ máa ka àdírẹ́sì láti ẹ̀yìn wá, ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ .com yẹn, odindi ẹ̀, òun ló ni ilé, èyí tó bá wà ṣáájú ẹ̀, yàrá lásán ni, ẹnikẹ́ni lè fún un lórúkọ tó bá wù ú. Ṣùgbọ́n ká má lọ fi ìkánjú pe olóòótọ́ lólè o, Microsoft fún àpẹẹrẹ máa ń gbé iṣẹ́ fáwọn tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ wọn gan-an, àdírẹ́sì àwọn yẹn á bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú v- níwájú @microsoft.com, ó rí bákan lójú àmọ́ tiwọn ni. Àdírẹ́sì náà tiẹ̀ ṣeé fi ṣayédèrú, torí náà má ṣe pe nọ́ńbà tó wà nínú lẹ́tà, fọwọ́ ara ẹ tẹ sáìtì ilé iṣẹ́ yẹn, kó o bi wọ́n léèrè níbẹ̀.

Èmi náà bi wọ́n léèrè bẹ́ẹ̀, àmọ́ kí n tó rí èsì gbà lẹ́tà kejì ti dé. Wọ́n ní tí mi ò bá fẹ́ wàhálà kí n san owó ìtanràn sí àkáǹtì kan, orúkọ èèyàn ló wà lórí àkáǹtì náà! Wọ́n tún ní kí n fi nǹkan kan sórí kọ̀ǹpútà kí àwọn lè máa wo inú ẹ̀ láti ọ̀dọ̀ wọn. Ọ̀rọ̀ ti yé mi níbẹ̀ yẹn.

Bọ̀dá lọ́yà wá ní kí n má fi ìyẹn fọkàn balẹ̀ o, lẹ́tà gidi wà. Ẹgbẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní BSA wà láti 1988, ilé iṣẹ́ sọ́fíwíà ni wọ́n ń ṣojú fún, nílé wa níbí sì rèé, Copyright Act 2022, òfin tó ń dáàbò bo iṣẹ́ ọpọlọ, ka prógíráàmù kọ̀ǹpútà mọ́ ìwé téèyàn kọ, Nigerian Copyright Commission ló ń mójú tó o. Ó ní tó bá jẹ́ gidi ló dé, kí n béèrè lọ́wọ́ wọn pé àdéhùn wo la jọ ṣe, ìlà wo nínú ẹ̀ ló ní kí n kó ìwé jáde, torí àwọn kan kàn ń pè ẹ́ wá ṣàyẹ̀wò tó o lè kọ̀ ni. Ó tún ní kí n má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni bá mi kọ rìsíìtì tí wọ́n dá déètì ẹ̀ padà sẹ́yìn, èyí tí mo bá rà lónìí ò lè jẹ́rìí fún àná.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn mo ti ilẹ̀kùn, mo tẹ bọ́tìnnì Windows pẹ̀lú R, mo kọ slmgr /xpr lórí wọn níkọ̀ọ̀kan, òun ló ń sọ bóyá láìsẹ́ńsì Windows ní ọjọ́ tó máa parí. Mẹ́ta dájọ́ tó máa parí fún mi. KMS nìyẹn, ọ̀nà kan tí wọ́n fi ń fún Windows láṣẹ, ilé iṣẹ́ ńláńlá ló wà fún, ọjọ́ 180 ló máa ń fúnni, ó sì gbọ́dọ̀ tún ara ẹ̀ ṣe kó tó pé, ṣọ́ọ̀bù kótópó bíi tèmi ò ní nǹkan tó fẹ́ fi ṣe, kíráàkì, ìyẹn ayédèrú láìsẹ́ńsì, lẹnjiníà fi sí i. Èyí tí kò dájọ́ náà kò túmọ̀ sí pé ó mọ́ o, rìsíìtì ló lè sọ ìyẹn. Ibi tó dùn mí jù ni Office kan tí mo fowó gidi rà, tí mo ń fi yangàn, Home and Student ni, wọn ò fàyè gbà á fún òwò rárá.

Mo ra láìsẹ́ńsì tuntun fún méjì, mo yọ gbogbo ti tẹ́lẹ̀ lórí mẹ́rin tó kù, mo fi Linux rọ́pò Windows, mo fi LibreOffice rọ́pò Office, ọ̀fẹ́ ni. Àwọn ọmọ pírójẹ́ẹ̀tì ń kùn pé téèbù àwọn ń yẹ̀, wọ́n máa jókòó ti méjì tó ní Word nìyẹn jàre.

Ọ̀sẹ̀ kejì, ọmọ yẹn tún pè mí, "Àǹtí, wọ́n tún ti kọ̀wé." Mo ní kó jù ú sínú fódà wọn, kó wá bá mi fa jẹ́n, NEPA ti mú iná.