"Ọmọ yẹn ò láàánú"

Àǹtí ló sọ ọ́ lórí fóònù. Wọn ò mọ̀ pé mo wà lẹ́nu àtẹ̀gùn. "Ọmọ yẹn ò láàánú. Ìyá ẹ̀ ń sunkún, ó dìde, ó paná, ó jáde." Mo kọjá bí ẹni tí kò gbọ́. Iṣẹ́ lọ bó ṣe ń lọ, òjò rọ̀, mo pẹ́ délé.

Kò láàánú.

Àbúrò mi ni wọ́n ń sọ. Ó ní ọ̀tísíìmù, ìyẹn ni pé ọpọlọ rẹ̀ ń gba ariwo, ọ̀rọ̀ àti ìṣesí èèyàn lọ́nà tó yàtọ̀ sí ti ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ọjọ́ Àìkú ni Màámi sunkún, n ò ní padà sí ohun tó fà á.

Àǹtí ò kúkú purọ́. Àbúrò dìde, ó jáde. Wọn ò kàn sọ pé ọwọ́ méjèèjì ló fi di etí. Ẹkún èèyàn le fún un ju ẹ̀rọ lọ. Ẹ̀rọ máa ń pariwo bákan náà títí yóò fi dúró, ẹkún á lọ sílẹ̀, á tún ké lójijì. Ó ti sọ fún mi rí pé ariwo tí òun bá mọ ìgbà tó máa dé kì í dun òun tó bẹ́ẹ̀. Òun náà ló sì ń kùn wùù kiri ilé láti àárọ̀! Ṣùgbọ́n ìyẹn, tiẹ̀ ni, ọwọ́ ẹ̀ ló wà. Ó gbá ojúgun mọ́ irin ilẹ̀kùn lọ́jọ́ kan, ẹ̀jẹ̀ tí a rí nílẹ̀ ló jẹ́ ká mọ̀. Ègé aṣọ kékeré tí wọ́n máa ń rán sẹ́yìn ọrùn ẹ̀wù, ìyẹn ló máa ń fà á ya bí ẹni tí iná ń jó.

Ní 1943 tí Leo Kanner, oníṣègùn ọpọlọ àwọn ọmọdé, kọ̀wé nípa àwọn ọmọ 11 tó kọ́kọ́ ṣàkíyèsí pé wọ́n ní ọ̀tísíìmù, ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé ariwo ń dẹ́rù bà wọ́n. Ìwé tí àwọn oníṣègùn ọpọlọ Amẹ́ríkà fi ń dá ọ̀tísíìmù mọ̀, 2013 ló tó ka bí ara ṣe ń gba ariwo, ìmọ́lẹ̀ àti ìfọwọ́kàn mọ́ àwọn àmì rẹ̀. Àádọ́rin ọdún. Kí ni mo wá ń bá Àǹtí jà sí?

Rárá, mò ń bá wọn jà. Ta ló yẹ àánú tiwọn wò? Orí fóònù ni wọ́n wà nígbà tí ojú Màámi ò tíì gbẹ.

Ẹ má dá mi lóhùn.

Damian Milton, olùṣèwádìí tí òun fúnra rẹ̀ ní ọ̀tísíìmù, sọ ọ́ ní 2012 pé ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ni àìgbọ́ra-ẹni-yé yìí ti ń wá: bí wọn ò ṣe mọ inú wa làwa náà ò mọ inú wọn. Mo máa ń fi ọ̀rọ̀ yẹn gbè sẹ́yìn Àbúrò. Lónìí ó ṣe mí bíi pé èmi ló ń bá wí, torí n kì í béèrè. Mo máa ń túmọ̀ ni. Ẹlòmíì nínú àwọn tó ní ọ̀tísíìmù wà tí àyà ẹ̀ á máa lù kìkì, tí kò ní lè sọ bóyá ìbànújẹ́ ni tàbí ebi. Mo ti gbà pé irú ẹ̀ ni Àbúrò. Ta ló sọ fún mi?

Iná yẹn, ẹnu ibi tí mo ti ń fọ eyín ló ti sọ sí mi lọ́kàn. Bí nǹkan bá ti pọ̀ jù fún òun fúnra ẹ̀, kí là ń ṣe fún un? A máa ń paná. A máa ń jáde. A máa ń rọra pa ilẹ̀kùn dé.

Àbí iná ọ̀hún kàn ń yọ ọ́ lẹ́nu ni. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀ náà.

Mo lọ bá a. "Kí ló dé tó o fi paná lọ́jọ́ Àìkú?"

"Ó ti mọ́lẹ̀ jù."

Mo ní, "Fún ta?"

Ó ti gbé nǹkan ẹ̀ bo etí.