Ẹ Mọ Ẹ́ńjìnnì Kí Ẹ Tó Ṣí Blender: Ẹ̀kọ́ Tí Mo Kọ́ Nídìí Ọkọ̀ Ojú Irin Elédùú

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ fẹ́ máa kọ́ ọkọ̀ ojú irin elédùú fún sìmúlétọ̀, eré kọ̀ǹpútà tí a ti ń wa ọkọ̀, ohun tí ẹ sábà máa ń kọ́kọ́ bi mí ni irú kọ̀ǹpútà tí mo ń lò, àti bí mo ṣe ń fi Blender, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń mọ ohun 3D, ṣe ohun tó rí roboto bíi bọ́ílà, táńkì tí omi ti ń hó. Ìbéèrè gidi ni, ìdáhùn rẹ̀ kò sì le. Ọ̀fẹ́ ni Blender, fídíò tó ń kọ́ni bí a ṣe ń lò ó kún íntánẹ́ẹ̀tì, ẹni tó bá fara balẹ̀ yóò mọ̀ ọ́n. Àmọ́ ibẹ̀ kọ́ ni iṣẹ́ wà. Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ a máa fi ẹ́ńjìnnì rẹ̀ pamọ́ sábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ìta gbangba ni ẹ́ńjìnnì elédùú ń gbé tirẹ̀ sí. Ọ̀pá písítìn, ọ̀pá táyà, táyà irin, gbogbo wọn ń lọ ń bọ̀ lójú ẹni tó ń wò. Bí ẹ kò bá mọ iṣẹ́ tí ọ̀pá kan ń ṣe, àṣírí yóò tú ní kété tí ọkọ̀ bá ti ṣí kúrò ní tésàn.

Irú ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ń pè ní Black Five ni màá fi ṣàlàyé, torí òun ni mo mọ̀ jù. William Stanier ló gbé ètò rẹ̀ kalẹ̀ fún iléeṣẹ́ rélùwéè LMS nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì kọ́ 842 nínú rẹ̀ láàárín ọdún 1934 sí 1951. Ó fa èrò, ó fa ẹrù, ó sì wà lára àwọn tó ṣiṣẹ́ kẹ́yìn nígbà tí British Railways, iléeṣẹ́ rélùwéè ìjọba, fi èédú sílẹ̀ ní oṣù kẹjọ ọdún 1968. Àwọn kan ṣì ń ṣiṣẹ́ títí dòní lójú irin àwọn tó fẹ́ràn ohun àtijọ́, kí ẹni tó bá fẹ́ fojú rí i má baà ní àwáwí.

Ẹ má rò pé 842 yẹn rí bákan náà o. Àwọn tó kọ́kọ́ jáde kò ní dome, ìyẹn ọmọrí roboto, lórí bọ́ílà. Àwọn tó dé lẹ́yìn ní in. Ètò fáàfù ló ń ṣí ọ̀nà fún ooru omi láti ti písítìn: ti Walschaerts ló wà lára èyí tó pọ̀ jù, àwọn mìíràn gba fáàfù Caprotti, nọ́ńbà 44767 nìkan ni wọ́n sì fi fáàfù Stephenson sí lára níta. Nígbà tí ìjọba gba rélùwéè ní 1948, wọ́n fi 40000 kún nọ́ńbà LMS: 5025 di 45025. Àmì British Railways tó wà lára ọkọ̀ náà tún yí padà ní 1956. Nítorí náà, kí ẹ tó ya ìlà kan ṣoṣo, ẹ mú nọ́ńbà kan àti ọdún kan. Ẹ kọ ọ́ sórí bébà, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ kọ̀ǹpútà. Télọ̀ kì í gé aṣọ fún "ẹnì kan ṣáá". Ó ní láti mọ ẹni tó fẹ́ wọ̀ ọ́. Mo ti rí iṣẹ́ tó rẹwà tí nọ́ńbà ara rẹ̀ jẹ́ ti 1938 tí àmì rẹ̀ sì jẹ́ ti 1957, ẹni tó sì mọ ọkọ̀ yìí kò ní wo ẹwà yẹn lẹ́ẹ̀mejì.

Ó wá kan ìwọ̀n. Sílíńdà Black Five, ihò irin tí písítìn ń rìn nínú rẹ̀, fẹ̀ ní íǹṣì 18½, písítìn rẹ̀ ń rìn íǹṣì 28 láti òpin kan dé òpin kejì. Ẹ dúró lórí 28 yẹn. Ohun tó túmọ̀ sí ni pé ibi tí ọ̀pá ti so mọ́ táyà gbọ́dọ̀ fi íǹṣì 14 géérégé jìnnà sí àárín táyà, ìyẹn mítà 0.356 nínú Blender. Tó bá lé, písítìn yóò gba iwájú sílíńdà yọ síta. Tó bá dín, ìrìn rẹ̀ yóò kúrú, ojú awakọ̀ yóò sì mọ̀ pé nǹkan kan kò tọ́ bí ẹnu rẹ̀ kò tilẹ̀ lè sọ ọ́. Táyà apá ọ̀tún àti ti apá òsì kì í bá ara wọn dọ́gba: ìwọ̀n igun 90 ló wà láàárín wọn, kí písítìn apá kan lè máa ti ọkọ̀ nígbà tí ti apá kejì bá dé òpin tí kò lágbára mọ́. Mo máa ń wo èyí ṣáájú ohun gbogbo bí ẹnikẹ́ni bá fi iṣẹ́ rẹ̀ hàn mí.

Ọ̀pá tó so táyà mẹ́ta ẹ̀gbẹ́ kan pọ̀ kì í dagun láé. Bó ti wù kí táyà yí, gbọọrọ ló máa ń wà, bákan náà pẹ̀lú ojú irin. Ọ̀pá ńlá tó ti ọ̀dọ̀ písítìn wá, táyà àárín ló lọ bá: orí rẹ̀ kan ń lọ tààrà, orí kejì ń yí po. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti máa ń já ni ètò fáàfù tí Egide Walschaerts, ará Belgium, gbé jáde ní 1844. Àwọn kan á kàn mú ọ̀pá kéékèèké wọ̀nyẹn, wọ́n á máa mì wọ́n síwá sẹ́yìn. Bẹ́ẹ̀ kọ́ ló ṣe ń ṣiṣẹ́. Ìrìn méjì ló pàdé lára fáàfù: ọ̀kan ti ara táyà wá, ó gba inú irin tó tẹ̀ kọrọdọ tó ń mì kọjá, èkejì ti orí ọ̀pá písítìn wá. Ẹ dán an wò báyìí: ẹ yí táyà títí písítìn yóò fi dé òpin níwájú pátápátá, kí ẹ wá wo fáàfù. Ó gbọ́dọ̀ ti ṣí díẹ̀, torí ooru gbọ́dọ̀ ti máa wọlé kí písítìn tó padà. Tí ti yín bá pa dé níbẹ̀, ẹ má tíì lọ kun ọ̀dà.

Nínú Blender fúnra rẹ̀, ohun méjì ni mo tẹnu mọ́. Ẹ fi origin táyà kọ̀ọ̀kan, ojú ibi tó ti ń yí, sí àárín rẹ̀ gan-an, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ yóò máa ta gẹ́lẹ́gẹ́lẹ́ lórí irin. Ẹ sì tẹ Ctrl+A, kí ẹ yan Scale, kí ìwọ̀n lè di ọ̀kan kí ẹ tó gbé e jáde. Open Rails, sìmúlétọ̀ ọ̀fẹ́ tí a ń kọ́ ọkọ̀ fún, tún fẹ́ kí orúkọ táyà bá òfin mu, bíi WHEELS11. Ẹ sọ ọ́ ní orúkọ mìíràn, kò ní yí.

Ti polygon, ojú pẹlẹbẹ kéékèèké tí a fi mọ ohun 3D, kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ẹ náwó rẹ̀ sí ibi tí awakọ̀ ń wò: inú kábù (yàrá awakọ̀), ọ̀pá, táyà. Ẹ ṣe ẹ̀dà tó fúyẹ́ fún ìgbà tí ọkọ̀ bá jìnnà.

Fáìlì eng, èyí tó ń sọ bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń ṣiṣẹ́, ni mo fẹ́ràn jù nínú iṣẹ́ yìí, bẹ́ẹ̀ ni òun ni ọ̀pọ̀ ń sá fún. Lẹ́tà lásán ló wà nínú rẹ̀, ẹ lè fi Notepad ṣí i. Ibẹ̀ ni ẹ ó ti sọ fún Open Rails bí sílíńdà ṣe fẹ̀ tó, agbára ooru inú bọ́ílà, àti ìwọ̀n ibi tí iná ń jó. Bí ẹ bá kọ ọ́ dáadáa, ọkọ̀ yóò máa yọ̀ lórí irin tó tutù, bọ́ílà yóò máa bẹ̀bẹ̀ fún èédú bí ẹ bá ń gòkè. WheelRadius wà níbi méjì: ti abala Wagon jẹ́ ti táyà tí kì í wa ọkọ̀, ti abala Engine jẹ́ ti táyà ńlá. Ìdajì ni wọ́n ń béèrè, kì í ṣe fífẹ̀ rẹ̀ látòkè délẹ̀. Táyà Black Five fẹ̀ ní íǹṣì 72, nítorí náà mítà 0.914 ni ẹ ó kọ.

Kí ẹ lè mọ̀ pé ìwọ̀n tí ẹ kó jọ péye, ẹ ṣírò agbára ìfà fúnra yín. Agbára ooru bọ́ílà jẹ́ pọ́n-ùn 225 lórí íǹṣì kan níbùú lóròó, wọ́n sì máa ń gbà pé 0.85 rẹ̀ ló dé inú sílíńdà. Ẹ ṣe é báyìí: 0.85 × 225 × 18.5 × 18.5 × 28 ÷ 72. Ó jẹ́ pọ́n-ùn 25,455, nọ́ńbà kan náà tí wọ́n ń kọ fún Black Five nínú ìwé. Ẹ dán Mallard wò pẹ̀lú, ẹ́ńjìnnì elédùú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó sáré kìlómítà 203 ní wákàtí kan ní 1938: pọ́n-ùn 250, sílíńdà mẹ́ta tó fẹ̀ ní íǹṣì 18.5, tí písítìn wọn ń rìn íǹṣì 26, táyà íǹṣì 80. Torí pé mẹ́ta ni sílíńdà, ẹ sọ èsì di ìlọ́po 1.5. Ẹ ó bá 35,455. Ọjọ́ tí ìṣirò yìí bá ti bọ́ sí i fún yín, ẹ kò ní da nọ́ńbà ẹlòmíràn kọ mọ́ láì yẹ̀ ẹ́ wò.

Ìró náà ní ìṣirò tirẹ̀. Sílíńdà méjì ń mí lẹ́ẹ̀mẹrin bí táyà bá yí ẹ̀ẹ̀kan: fà, kà, fí, kì. Ti Mallard jẹ́ mẹ́fà. Bí Black Five bá ń sáré máìlì 30 ní wákàtí kan, ìró mẹ́sàn-án ó lé díẹ̀ ló ń jáde láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹni tó bá fi ìró Black Five sára Mallard ti gba ohùn rẹ̀ lẹ́nu rẹ̀.

Nígbà tó bá wá di ọ̀rọ̀ pínpín, ẹ rántí pé ẹni tí ẹ kò rí rí ni yóò gbé e sínú kọ̀ǹpútà rẹ̀. Àṣà kan wà láti ayé Microsoft Train Simulator, èyí tó jáde ní 2001: ẹni tó ṣe ọkọ̀ tuntun kì í fi kábù àti ìró sí i, yóò kàn ní kí sìmúlétọ̀ lọ yá ti Flying Scotsman, ẹ́ńjìnnì tó bá sìmúlétọ̀ náà wá. Nígbà náà kò burú, torí gbogbo ènìyàn ló ní in. Lónìí, Open Rails nìkan ni ọ̀pọ̀ ní, Flying Scotsman yẹn kò sí lọ́dọ̀ wọn, ọkọ̀ yóò sì dákẹ́ láìní kábù. Ẹ kó gbogbo ohun tó nílò sínú fóldà kan. Lẹ́yìn náà, ẹ bẹ ọ̀rẹ́ kan tí kò ní fáìlì yín kankan pé kó gbà á sílẹ̀ kó sì wà á, kí ayé tó rí i.

Ẹ má mú apá ara iṣẹ́ ẹlòmíràn láì gba àṣẹ. Bí ó tilẹ̀ jẹ́ bọ́tìnnì kábù kan, ẹ kọ̀wé sí i. Bí kò bá dáhùn, kò gbà nìyẹn. Ohun tí wọ́n ń tà lọ́jà, ẹ má fọwọ́ kàn án rárá. Nínú readme, fáìlì àlàyé tó ń bá ọkọ̀ lọ, ẹ kọ nọ́ńbà ọkọ̀ àti ọdún tí ẹ mú, ibi tí ìwọ̀n ti wá, ẹni tó ràn yín lọ́wọ́, ohun tí ẹ gba ẹlòmíràn láyè láti ṣe sí i. Àjọ Creative Commons ti ṣe àdéhùn àṣẹ tó rọrùn sílẹ̀, ẹ yan ọ̀kan. Èmi máa ń gba àwọn tó fẹ́ kun ún ní ọ̀dà mìíràn láyè, mo sì máa ń fi fáìlì Blender gan-an sílẹ̀ pẹ̀lú. Sìmúlétọ̀ ń yí padà, ènìyàn ń rẹ̀, iṣẹ́ tí fáìlì ìpìlẹ̀ rẹ̀ bá sọnù kò ní ẹni tó lè tún un ṣe.

Ti ilé wa ló ń jẹ mí lọ́kàn. Ọkọ̀ ojú irin ti dé Ìbàdàn láti Èkó ní 1901, lórí irin tó fẹ̀ ní mílímítà 1,067, nígbà tí ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ 1,435. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì ni irú ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ń pè ní River class dé, tí wọ́n fi orúkọ odò ilẹ̀ wa pè: táyà kékeré méjì níwájú, ńlá mẹ́jọ láàárín, kékeré méjì lẹ́yìn. Iléeṣẹ́ North British ní Glasgow wà lára àwọn tó kọ́ wọn. A kò lè kun Black Five ní ọ̀dà mìíràn ká pè é ní River. Táyà kò bá ara wọn mu, irin kò bá ara wọn mu. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe é yóò wá àwòrán iléeṣẹ́ lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, yóò sì lọ sí Jaekel House nínú Railway Compound ní Èbúté-Mẹ́ta, níbi tí wọ́n ń kó ohun rélùwéè sí.

Ẹ tètè lọ bá àwọn bàbá tó ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ẹ kí wọn dáadáa, ẹ tọrọ àyè láti fi fóònù gba ohùn wọn sílẹ̀. Fọ́tò ìgbà yẹn, dúdú àti funfun ló pọ̀ jù, nítorí náà ẹ bi wọ́n léèrè àwọ̀: ara táńkì, ìlà etí rẹ̀, irin iwájú. Ẹ bi wọ́n bí èédú Enugu ṣe ń jó, bóyá ó yára di eérú, bí adáná ṣe ń tẹ́ ẹ kí wọ́n tó gòkè. Ìdáhùn yẹn ni yóò wọ fáìlì eng, kí orúkọ wọn sì wọ readme, bí wọ́n bá gbà.