Ọjọ́ 24 Oṣù Kejì ní Àkúrẹ́

Bí ẹ bá ń lọ wo ìbúra gómìnà Ìpínlẹ̀ Oǹdó, tí ẹ sì gbọ́ "Oǹdó! Oǹdó!" ní gáréèjì, ẹ má tíì kó ẹrù wọlé. Ìlú Oǹdó ni ọkọ̀ yẹn ń lọ, Àkúrẹ́ sì ni olú-ìlú Ìpínlẹ̀ Oǹdó; bíi kìlómítà 45 ló wà láàárín wọn. Láti Èkó, ọ̀nà Ọ̀rẹ̀ gba ìlú Oǹdó kọjá sí Àkúrẹ́. Láti Ìbàdàn, Ifẹ̀ àti Iléṣà ni kí ẹ gbà. Ẹni tó ń bọ̀ wá wo ìbúra gómìnà, tó wá ṣèèṣì bọ́ sílẹ̀ ní Oǹdó láàárọ̀, ètò á ti jìnnà kó tó débẹ̀.

Kí ló dé tí ìbúra níbí fi ń bọ́ sí 24 oṣù Kejì, nígbà tó jẹ́ pé 29 oṣù Karùn-ún ni ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ń ṣe tiwọn? Ẹjọ́ ló fà á. Wọ́n kéde Olúṣẹ́gun Agagu, gómìnà tó wà lórí oyè nígbà náà, pé òun ló wọlé nínú ìdìbò gómìnà oṣù Kẹrin 2007. Olúṣẹ́gun Mímíkò, ọmọ ìlú Oǹdó tó díje lábẹ́ ẹgbẹ́ Labour, gbà pé òun ni wọ́n dìbò fún, ó sì gba ilé ẹjọ́ lọ. Ìgbìmọ̀ tó gbọ́ ẹjọ́ náà ní Àkúrẹ́ dá a láre ní oṣù Keje 2008. Agagu pe ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn, àmọ́ ní 23 oṣù Kejì 2009, ilé ẹjọ́ náà ní Bìní fọwọ́ sí i pé Mímíkò ló ni í. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, ó búra.

Ìwé òfin ka ọdún mẹ́rin gómìnà láti ọjọ́ tó bá búra, ìyẹn ni ọjọ́ náà kò ṣe yẹ̀ mọ́: Mímíkò lẹ́ẹ̀kan sí i ní 2013, Rótìmí Akérédolú ní 2017 àti 2021, Lucky Aiyédatiwa ní 2025. Ikú Akérédolú ní 27 oṣù Kejìlá 2023 pàápàá kò yí i padà, nítorí ìyókù sáà rẹ̀ ni Aiyédatiwa, tó jẹ́ igbákejì rẹ̀, kọ́kọ́ lò. (Ọ̀wọ̀ ni wọ́n sin Akérédolú sí, ní 23 oṣù Kejì 2024. Ó ku ọjọ́ kan kí 24 oṣù Kejì pé.) Nítorí náà, ẹ má wá wo ìbúra ní ọdún tí kò kàn; 2029 ló tún kàn. Ẹ má sì pa á pọ̀ mọ́ 3 oṣù Kejì: ọjọ́ yẹn ní 1976 ni wọ́n dá ìpínlẹ̀ náà sílẹ̀ pẹ̀lú Ògùn àti Ọ̀yọ́, láti ara Ìpínlẹ̀ Ìwọ̀ Oòrùn.

Lọ́jọ́ ìbúra, àwọn agbófinró lè dí ojú ọ̀nà Alágbàka, níbi tí ilé ìjọba wà. Bí wọ́n bá dí i, ẹsẹ̀ ni yóò parí ìrìn. Ẹ gba yàrá sílẹ̀ ṣáájú, kí ẹ sì mú omi dání, torí oòrùn oṣù Kejì ní Àkúrẹ́ kò mọ àlejò.

Ní ọjọ́ kejì, ẹ gba títì Ọba Adéṣidà lọ sí Ọjà Ọba. Ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ ni ààfin Déjì, ọba Àkúrẹ́. Bí ẹsẹ̀ bá ṣì gbé e, Òkè Ìdànrè kò ju bíi kìlómítà 25 lọ. Àtẹ̀gùn rẹ̀ lé ní 600. Ẹ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní aago méje àárọ̀, torí bí oòrùn bá ti kan àpáta, ìsàlẹ̀ àti òkè ni ooru yóò máa ti jáde, kò sì sí sálúbàtà tó gbà á.