Ìlà Tó Yọ Sókè Lára Kọ́bọ̀ Oníhò

Nínú agolo bisikíìtì kan tí ìyá ìyá mi fi sílẹ̀ ni mo ti rí i. Owó ayé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ló kún inú agolo náà: ṣílè tí igi ọ̀pẹ wà lójú rẹ̀, sísì, tọ́rọ́, àti kọ́bọ̀ oníhò tí màmá fi okùn sín bí ìlẹ̀kẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn kọ́bọ̀ náà, ti ọdún 1937, tó ní lẹ́tà H kékeré tí ilé iṣẹ́ Heaton ní Birmingham fi ń ṣe àmì iṣẹ́ ọwọ́ wọn, ní ìlà tín-ín-rín kan tó bẹ̀rẹ̀ láti etí, tó gun orí lẹ́tà méjì kọjá, tó sì wọ́ dé ẹnu ihò. Mo kọ́kọ́ rò pé ọ̀bẹ ló họ ọ́.

Òǹtẹ̀ irin méjì ni wọ́n fi ń ṣe irú owó báyìí, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀. Wọn á fi pẹlẹbẹ irin tí kò tíì ní àwòrán sáàárín, ẹ̀rọ á sì pa wọ́n pọ̀ tagbáratagbára. Bí òǹtẹ̀ ṣe le tó nì, bí ó bá ti lu ẹgbẹẹgbẹ̀rún owó, ó lè sán. Láti ìgbà náà lọ ni irin owó yóò ti máa wọ inú ojú sísán náà, tí ìlà yóò sì máa yọ sókè lára owó tó bá jáde. Ẹni tó bá ti dúró ti àwọn tó ń tẹ búlọ́ọ̀kù rí yóò mọ̀ pé bí mọ́ọ̀dù bá sán, gbogbo búlọ́ọ̀kù tó bá ti inú rẹ̀ jáde ni yóò ru gẹ́gẹ́ kan náà ní ojú ibì kan náà. Ọ̀bẹ ní tirẹ̀ ń wa irin kúrò ni, nítorí náà ìlà tirẹ̀ jin wọlé.

Ìmọ́lẹ̀ ni mo fi ń yà wọ́n sọ́tọ̀. Mo máa ń jókòó kí fèrèsé wà lọ́wọ́ òsì mi, n ó sì fi gíláàsì tó ń mú nǹkan tóbi wo ìlà náà. Bí ẹ̀gbẹ́ òsì ìlà náà bá ń dán tí òjìji sì wà lápá ọ̀tún, ó yọ sókè. Bí ó bá jẹ́ ọ̀tún ló ń dán, ó jin ni. Síbẹ̀, kì í ṣe gbogbo ìlà tó yọ sókè ló wá láti ara òǹtẹ̀ tó sán. Nígbà tí òṣìṣẹ́ bá ń fi nǹkan tó le bí iyanrìn dán òǹtẹ̀, ó lè họ ọ́, ìyẹn náà yóò sì hàn lára owó, ṣùgbọ́n irú ìlà bẹ́ẹ̀ máa ń tọ́ gbọọrọ, yóò sì dúró nígbà tó bá dé ìdí lẹ́tà. Ìlà òǹtẹ̀ tó sán máa ń wọ́ kọ́lọkọ̀lọ, kò sì bìkítà fún lẹ́tà. Ó gùn ún kọjá ni. (Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi eérú àti ọsàn wẹ́wẹ́ fọ owó kí ẹ tó wò ó. Àǹtí mi kan fọ ìdajì agolo yẹn, gbogbo ohun tí à bá rí ló bá omi lọ.)

Mo ti ná owó sí àìmọ̀ rí. Ọkùnrin kan ta kọ́bọ̀ kan fún mi, ó ní ihò rẹ̀ ṣì sí ẹ̀gbẹ́ láti ilé iṣẹ́ tó ti wá. Pẹlẹbẹ irin ni wọ́n ti máa ń lu ihò sí kó tó dé abẹ́ òǹtẹ̀, nítorí náà bí ihò bá tilẹ̀ ṣì sí ẹ̀gbẹ́, yóò ṣì rí róbótó. Lára tèmi, ẹnì kan ti fi fáìlì fẹ ihò náà sí apá kan, kò rí róbótó mọ́, ó sì ti jẹ òrùka tó yọ sókè yí ihò ká lọ níbẹ̀. Àṣìṣe gidi wà o: ní 1936, lórúkọ ọba Edward Kẹjọ tó fi oyè sílẹ̀ lọ́dún náà, àwọn kọ́bọ̀ kan tó ní àmì H jáde tí ojú wọn kan jẹ́ ti ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, tí wọ́n sì fi òǹtẹ̀ owó sẹ́ǹtì mẹ́wàá ti ìlà-oòrùn Áfíríkà tẹ ojú kejì.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni mo rí kejì kọ́bọ̀ ti 1937 yẹn. Àwọn lẹ́tà méjì náà ni ìlà rẹ̀ gùn, ṣùgbọ́n kò tíì dé ẹnu ihò, ó kù díẹ̀. Èyí ni wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀, tí mo rí kẹ́yìn. Mo ti da ìyókù agolo sórí aṣọ funfun. Ẹ̀kẹta ni mo ń wá, èyí tí wọ́n tẹ̀ nígbà tí ègé etí òǹtẹ̀ náà ti já dànù, tí irin kàn wú sókè níbẹ̀ láìní àwòrán kankan.